Èérí Inú Ìbọn: Ìtọ́jú Ṣakabùlà Nínú Ìtàn Ogun àti Ọdẹ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lónìí lè dà bí ohun kékeré lójú ẹni tí ó ti gbọ́ ìtàn ọba àti ìtàn ogun púpọ̀. Ọ̀rọ̀ nípa èérí ni. Mo ń sọ nípa dúdú tí ẹ̀tù máa ń fi sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn lẹ́yìn tí ìbọn bá ti dún, àti ohun tí àwọn baba wa, ọdẹ àti jagunjagun, ní láti ṣe sí i kí ìbọn má baà pa ẹni tí ó gbé e dání dípò ẹni tí ó dojú rẹ̀ kọ.

Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fi ọ̀rọ̀ ìbọn ṣeré ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1964 ni J. F. Ade Ajayi àti Robert Smith tẹ ìwé wọn jáde lórí ogun Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1971, ìwé àtìgbàdégbà tí a ń pè ní Journal of African History kó ọ̀pọ̀ àròkọ jọ lórí ìbọn ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1977, nínú ìwé àtìgbàdégbà kan náà, J. E. Inikori ṣírò rẹ̀ pé láàrin ọdún 1750 sí 1807, ìbọn tí ó ń wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún tó 283,000 ó kéré tán, ó sì lè tó 394,000. Ìbéèrè tí àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí bèèrè ni pé: Ta ni ó kó ìbọn wá? Mélòó ni? Kí ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀? Ṣé ìbọn ni ó sọ ìlú kan di alágbára tí ó sì pa òmíràn run? Ìbéèrè ńlá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n láàrin ọjọ́ tí ìbọn sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté àti ọjọ́ tí ó dún ní pápá Ìjàyè, ẹnì kan wà tí ó mú àkísà, omi gbígbóná, òróró àti ọ̀pá tín-ínrín lọ́wọ́. Ẹni yẹn kò sí nínú ìwé.

Àìsí rẹ̀ níbẹ̀ ti mú kí a gba ẹjọ́ kan gbọ́ tí kò yẹ kí a gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Òyìnbó tí wọ́n kọ̀wé nípa ogun ní apá ibi tí a wà yìí sábà máa ń sọ ohun méjì. Èkínní, pé ìbọn tí wọ́n ń tà fún wa kò dára, irin gbàrọ̀fọ̀ lásán ni. Èkejì, pé aláwọ̀ dúdú kò mọ ìbọn yìn: kì í gbé e lé èjìká, kì í fi ojú wọ̀n ọ́n, ní ìbàdí tàbí ní ọwọ́ nínà ni ó ti ń yìn ín, a sì máa yí ojú sápá kan. Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ èkínní ṣe díẹ̀. Èkejì ni mo fẹ́ tako.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ohun tí a ń sọ. Ìbọn ṣakabùlà, tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sọ ní dane gun nítorí àwọn oníṣòwò ará Dẹ́ńmákì tí wọ́n ní odi ní etí òkun Gánà, jẹ́ ìbọn tí kò ní ju ẹnu kan lọ. Ìdí rẹ̀ dí pa. Ibi tí ọta ń gbà jáde náà ni ẹ̀tù àti ọta ń gbà wọlé. Inú rẹ̀ ń dán ni, kò ní ìlà wíwé bíi ti ìbọn ìgbàlódé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀ ni ihò tín-ínrín kan wà. Níta ihò náà ni àwo kékeré kan wà tí a ń bu ẹ̀tù díẹ̀ sí. Bí a bá fa apátí, òkúta ìṣáná á kọlu irin, iná á ta sínú àwo, á sì gba inú ihò wọlé lọ bá ẹ̀tù tí ó wà nínú. Ìbọn ti wà ní etí òkun tipẹ́, ṣùgbọ́n ogun Òwu, láàrin ọdún 1820 sí 1830, ni a máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ogun tí ó kọ́kọ́ fi agbára rẹ̀ hàn ní àárín ilẹ̀ Yorùbá. Àlùfáà Samuel Johnson sọ fún wa pé Ìjẹ̀bú ni ó ní ìbọn nínú ogun náà, àdá gígùn sì ni àwọn Òwu gbójú lé.

Ẹ̀tù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ohun mẹ́ta ni wọ́n ń pò pọ̀: iyọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní saltpetre, èédú, àti imí-ọjọ́. Nínú ìdá 100, iyọ̀ náà máa ń tó 75, èédú 15, imí-ọjọ́ 10. Ẹni tí kò bá tíì yìn ín rí yóò rò pé nígbà tí ó bá jó, ó ti tán nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1875, Andrew Noble àti Frederick Abel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí wọn jáde, wọ́n sì fi hàn pé ju ìdajì ẹ̀tù lọ ni kì í di afẹ́fẹ́ rárá. Apá tí ó ṣẹ́kù, nǹkan bí 57 nínú 100 ní ìwọ̀n, á di èéfín nípọn àti èérí líle. Èéfín bá afẹ́fẹ́ lọ. Èérí ń gbé inú ìbọn.

Wàhálà mẹ́ta ni èérí yìí ń bí, mo sì fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nítorí pé orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ó ń fún ọ̀nà ọta pọ̀ nínú ọ̀pá. Ó lè gbé ẹyọ iná pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ó sì ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, omi náà á sì jẹ irin.

Fífún tí ó ń fún ọ̀nà pọ̀ kì í ṣe ìṣòro aláwọ̀ dúdú nìkan. Ìbọn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ní ihò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú 100 íǹṣì kan, ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 69 lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọta ní kékeré kí ó lè ráyè kọjá nígbà tí èérí bá ti pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwà bẹ́ẹ̀ ń ba ìfojúsùn jẹ́. Ní 1849 ni ará Faransé kan, Claude-Étienne Minié, mú ọta kan jáde tí ó ń tóbi sí i nígbà tí ẹ̀tù bá jó, kí ó lè wọlé wẹ́rẹ́ kí ó sì jáde ní fífún. Ọ̀rá tí wọ́n fi pa ara páálí ọta irú ìbọn tuntun bẹ́ẹ̀, kí ó lè máa yọ̀ láàrin èérí, wà lára ohun tí ó dá ọ̀tẹ̀ ńlá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1857, nítorí àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ gbọ́ pé ọ̀rá màlúù àti ti ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ẹ wò ó bí èérí inú ìbọn ti lè mi ìjọba tó!

Ọta tí èérí dá dúró ní agbedeméjì ọ̀nà burú ju ọta tí kò wọlé rárá lọ. Bí àlàfo bá wà láàrin ẹ̀tù àti ọta, agbára ẹ̀tù kì í ti ọta jẹ́jẹ́ mọ́. Ó ń kọlù ú lójijì, irin ọ̀pá á wú níbẹ̀ tàbí kí ó bẹ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi ṣíwọ́ kíkì títí ọ̀pá ìkìbọn yóò fi sọ fún un pé òun ti kan ìdí. Bí ó bá jẹ́ alákìíyèsí, ó ti sàmì sára ọ̀pá náà, àmì náà ni yóò sì máa wò. Nígbà tí ó bá ń kì, orí àti àyà rẹ̀ kò ní dúró lókè ẹnu ìbọn. Ó mọ ìdí: iná lè sùn sínú èérí. Nítorí iná tí ó lè sùn yìí kan náà ni kò ṣe yẹ kí a da ẹ̀tù sínú ìbọn gbígbóná tààrà láti inú àdó ńlá. Ìwọ̀n kékeré ni a ń bù, a ó dé àdó padà, kí ó tó kan ìbọn. Bí èyí tí a bù bá gbiná, ọwọ́ lè jó. Bí àdó bá gbiná, ọwọ́ lè lọ. Ẹ̀tù inú àwo sì ni ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹ̀tù sí àwo kí ó tó kì ti inú ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ikú ara rẹ̀.

Àwọn baba wa kò kọ ìwé òfin lórí èyí, ṣùgbọ́n wọ́n fi òwe ṣọ́ ọ. «Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn kọ òun?» Nínú àwùjọ, a máa ń pa òwe yìí fún ẹni tí ó ń fi ohun eléwu ṣàwàdà. Ní ti gidi, òfin ìbọn ni, ó sì jinlẹ̀ ju bí ó ti dún lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìdáwọ́dúró irin. Ìbọn tí a fa apátí rẹ̀ tí kò dún kì í ṣe ìbọn tí ó ti kú. Iná lè ṣì ń rìn nínú ihò tí èérí fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, kí ó tó dé ibi tí ẹ̀tù wà. Ẹni tí ó bá yí ẹnu rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò gbọ́ òwe yẹn. Kí ó dojú rẹ̀ kọ ibi tí kò sí ènìyàn, kí ó ní sùúrù dáadáa, kí ó da ẹ̀tù inú àwo nù, lẹ́yìn náà kí ó mú abẹ́rẹ́ irin kan láti fi la ihò.

Mo wá padà sí ẹ̀sùn àwọn Òyìnbó. Wọ́n ní jagunjagun wa kì í gbé ìbọn lé èjìká. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá gbé ìbọn lé èjìká, àwo ẹ̀tù yóò wà ní ìwọ̀n ọwọ́ kan sí ojú rẹ̀ ọ̀tún. Nígbà tí ó bá yìn ín, iná á bú sókè láti inú àwo, òmíràn á sì ta jáde láti inú ihò sí ẹ̀gbẹ́. Bí ó ti ń yìn ín lọ ni ihò náà ń jẹra tí ó ń fẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iná ẹ̀gbẹ́ ń pọ̀ sí i. Irin ọ̀pá tí kò mọ̀ bí ó ti lágbára tó sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí ni ó máa jèrè bí ó bá fi ojú wọ̀n ọ́n? Díẹ̀ ni. Ìbọn tí inú rẹ̀ ń dán, tí ọta inú rẹ̀ kò bá ihò rẹ̀ mu, tí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irin wẹ́wẹ́ ni wọ́n kì sínú rẹ̀ nígbà mìíràn, kò ṣe é fojú sùn ju ìwọ̀nba ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ogun Yúróòpù tí wọ́n kọ́ dáadáa pàápàá kì í retí kí ìbọn tiwọn ba ẹnì kan ṣoṣo ní ohun tí ó ju 100 yáàdì lọ. Èrò tèmi ni pé ọkùnrin yìí ti wọn ewu àti èrè, ó sì yàn láti pa ojú rẹ̀ mọ́. Ohun tí àwọn àlejò pè ní àìmọ̀ọ́ṣe jẹ́ àṣà ìdáàbòbò. Mo gbà pé ó ní iye tí ó ná a: ọta púpọ̀ lọ sókè, wọn kò ba ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n iye tí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ san kì í ṣe ìwà òmùgọ̀.

Ohun kan náà ni mo fi ń wo bí àwọn ọmọ ogun wa ti ń jà. Ní 1861, Ọ̀gágun A. T. Jones, láti inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun West India kejì, lọ wo àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá, ó sì kọ ìròyìn nípa wọn. Ajayi àti Smith tẹ ìròyìn náà sẹ́yìn ìwé wọn. Nínú irú ogun ìgbà náà, àwọn kan á lọ síwájú, wọ́n á yìn, wọ́n á padà sẹ́yìn láti kì, àwọn mìíràn á sì rọ́pò wọn. A sábà máa ń ka èyí sí ọgbọ́n ìjà nìkan. Mo rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí ìbọn fúnra rẹ̀ fi ipá mú wọn ṣe. Ẹni tí ó padà sẹ́yìn rí àyè la ihò, ó rí àyè nu ọ̀pá, ìbọn rẹ̀ rí àyè tutù, ó sì lè rántí bóyá ó ti kì í tàbí kò tíì kì í.

Ìrántí yìí kì í ṣe ohun kékeré. Lẹ́yìn ogun Gettysburg ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 1863, wọ́n ṣa ìbọn 27,574 jọ lórí pápá. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde, nǹkan bí 24,000 nínú wọn ni ẹ̀tù àti ọta ṣì wà nínú wọn. Nǹkan bí ìdajì nínú ìwọ̀nyí ni wọ́n ti kì lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan bí 6,000 ni wọ́n ti kì láti ẹ̀ẹ̀mẹta dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ọ̀kan tilẹ̀ wà tí wọ́n bá ìkì 23 nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ìjọba kọ́, tí ìjọba fún ní ìbọn tí ó dára, tí ó gbé orí èjìká, ni ìwọ̀nyí. Nínú ariwo ogun, wọn kò mọ̀ pé ìbọn tiwọn kò dún. Ẹni tí ó bá wá ń sọ pé ìbọn bẹ́ ní Ìjàyè nítorí pé aláwọ̀ dúdú kò gbọ́n, kí ó kọ́kọ́ ka ìròyìn Gettysburg.

Ní ti irin búburú, òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Lọ́ńdọ̀nù ti ń dán ọ̀pá ìbọn wò láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1813, òfin dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí púpọ̀ nínú ìbọn tí wọ́n ń kó wá sọ́dọ̀ wa ti ń jáde. Wọ́n á kì í ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n á yìn ín láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n á lu òǹtẹ̀ sí lára. Àmọ́ òǹtẹ̀ ń sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n lù ú ni. Kò lè sọ ohun tí ìpáàrà ti jẹ nínú irin náà lẹ́yìn ogún òjò. Ibí ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ èkínní ṣe: ìbọn púpọ̀ tí a pè ní gbàrọ̀fọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tiwa ni ó gbó wọn. Iyọ̀ inú èérí a máa fa ọ̀rinrin, afẹ́fẹ́ wa sì ní ọ̀rinrin láti fún un ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún. Ìbọn tí a yìn ní ìrọ̀lẹ́ tí a gbé kọ́ ògiri láìfọ̀ lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le, omi ni. Ó ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu pé a máa ń da omi sínú ìbọn, ṣùgbọ́n iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú èérí ẹ̀tù, omi ni ó sì ń yọ́ iyọ̀. Omi gbígbóná dára jù, nítorí ó ń mú irin gbóná débi pé ọ̀pá á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ fúnra rẹ̀. A ó wé àkísà mọ́ orí ọ̀pá, a ó máa fà á lọ fà á bọ̀ títí omi tí ó ń gba ihò jáde yóò fi mọ́. A ó fi àkísà gbígbẹ nù ún. Lẹ́yìn náà ni òróró yóò tó kàn án. Ẹni tí ó bá fi òróró bẹ̀rẹ̀ láìkọ́kọ́ fọ̀ ọ́ ti bo iyọ̀ mọ́ra irin ni. Àdín, tí a ń fún láti inú ekùrọ́, ṣe é lò. Òun àti àwọn òróró bíi tirẹ̀ kì í bá èérí ẹ̀tù di ọ̀dà bí òróró ẹ̀rọ inú ilẹ̀ ti máa ń ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọgbọ́n ìdáná àwọn ìyá wa ló sún mọ́ òótọ́ ju agolo òróró mọ́tò lọ.

Ogun Kíríjì ni ó jẹ́ kí a rí ìyàtọ̀ gbangba. Láti 1877 títí di àdéhùn àlàáfíà oṣù kẹsàn-án 1886, tí àwọn ọmọ ogun kò sì túká pátápátá títí di 1893, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ kojú ara wọn. Ìró ìbọn ni a sọ pé ó fún ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n wà ní Èkó fi ìbọn Snider ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Ìdí ni a ti ń ki Snider, ọta rẹ̀ àti ẹ̀tù rẹ̀ sì wà pọ̀ nínú agolo kékeré kan. A ti kọ púpọ̀ nípa bí ó ti ń báni láti ọ̀nà jíjìn. Ohun tí a kò kọ ni pé a lè ṣí ìdí rẹ̀, kí a sì rí ìmọ́lẹ̀ láti ẹnu dé ìdí: kò sí pé a ó kì í lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, kò sí pé iná ń sùn ní ibi tí ojú kò tó. Ẹ̀tù dúdú náà ni ó ṣì ń jó nínú rẹ̀, nítorí náà fífọ̀ kò kúrò lọ́rùn ẹni tí ó ni ín.

Kí ló dé tí Snider kò fi lé ṣakabùlà lọ? Èbúté ni a ti ń retí agolo ọta, nígbà tí alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè rọ irin ọta fún ṣakabùlà kí ó sì tún apátí rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni òfin Òyìnbó tún dá sí i. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Brussels ní 1890 dènà ìbọn ìgbàlódé láti wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú Áfíríkà, ó sì fàyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta ìṣáná tí inú rẹ̀ ń dán àti ẹ̀tù ọjà lásán. Òfin ìbọn ti Nàìjíríà ní 1959 náà ya ìbọn tí a ń gba ẹnu kì sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí tirẹ̀. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbé nígbà ìjà Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969. Ohun tí ó yẹ kí ó ti di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà lọ́wọ́ ọdẹ títí di òní.

Ọ̀nà tí ewu ń gbà wọlé báyìí ti yí padà díẹ̀. Ní ìsìnkú ọdẹ àti ní ọdún Ògún, ẹ̀tù lásán ni a ń yìn, kò sí ọta, àwọn ènìyàn sì rò pé ewu kò sí. Ṣùgbọ́n ariwo ni a ń wá, a sì ń ki ẹ̀tù kún ẹ̀tù, a ń fi àkísà dí i pinpin, a ń yìn ín léraléra láìnù ún. Gbogbo ohun tí mo ti sọ nípa iná tí ó ń sùn àti irin tí ó ti gbó ń kóra jọ síbẹ̀, láàrin èrò.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tí ẹ ń lọ sí agbo ilé láti wá ohun àtijọ́. Bí ẹ bá bá ìbọn baba ńlá ẹnì kan lórí àjà, ẹ kà á sí ìbọn tí ó ní ẹ̀tù nínú. Ẹ̀tù tí kò rí omi lè wà láàyè fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ má fa apátí. Ẹ dojú ẹnu rẹ̀ kọ ibi tí kò sí ènìyàn, ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ rọra ti ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan wọlé títí yóò fi dúró, kí ẹ sàmì sí i ní ẹnu ìbọn, kí ẹ sì yọ ọ́ jáde láti gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ìbọn níta. Bí ọ̀pá náà bá dé ibi ihò iná, ìbọn ṣófo. Bí ó bá kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀: ẹ da omi sínú rẹ̀ láti ẹnu àti láti ihò, ẹ jẹ́ kí ó rin gbingbin, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ.